Ọkùnrin Oníkóòtù àti Eégún Ọ̀yọ́-Ilé

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Ó wọ kóòtù, ó so táì labalábá mọ́rùn, ó fi awò sójú bí ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ́ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Ibi funfun gbalasa kan ló wà. Kò sí àga, kò sí tábìlì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe orin náà kò sí nítòsí, ẹnikẹ́ni kò sì gbé jìtá dání. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí oníwàásù. Lójijì ara rẹ̀ ta gìrì, ọrùn fà sẹ́yìn, orúnkún yẹ̀, apá gbéra bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń fa okùn rẹ̀. Òógùn bò ó. Nígbà tí ègbè orin dé, àwọn ọkùnrin kéékèèké tí wọ́n jọ ọ́ láìyàtọ̀ yọ sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń jó ijó kan náà.

Ẹgbẹ́ Talking Heads láti New York ló ni orin yìí. “Once in a Lifetime” ni wọ́n pè é, David Byrne sì ni ọkùnrin oníkóòtù yẹn. Inú àwo Remain in Light, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1980, ni orin náà wà. Nínú gbogbo fídíò orin rọ́ọ̀kì tí ojú mi ti rí, òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ará Ṣakí tó bá gbọ́ èyí á wò mí títí. Orin rọ́ọ̀kì kì í pọ̀ lágbègbè wa. Fújì, àpàlà, jùjú, orin ìyìn Ọlọ́run, wéré nígbà ààwẹ̀, ìwọ̀nyí là ń gbọ́ láti Ìṣẹ́yìn dé Kíṣí. Ẹni tó bá fi jìtá rọ́ọ̀kì sí ẹ̀rọ níbi ìsọmọlórúkọ, wọn á ní kó tètè lọ wo wáyà, bóyá nǹkan ti ń jó níbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe fídíò náà ló mú mi. Bí mo bá ń wò ó, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọgbọ́n yìí ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Ọgbọ́n eégún apidán ni. Àwọn baba wa ṣe é lójú òyìnbó kan ní apá àríwá Òkè-Ògùn, agbègbè wa yìí, ní nǹkan bí ọdún márùn-dínlọ́gọ́jọ kí Byrne tó so táì, òyìnbó náà sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe fídíò náà.

Ẹni méjì ló darí rẹ̀, Byrne fúnra rẹ̀ àti Toni Basil. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Basil sí olórin “Mickey”, orin tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní ìparí 1982, ṣùgbọ́n ijó ni iṣẹ́ rẹ̀ látilẹ̀wá. Òun ló ń to ijó fún àwọn òṣèré àti olórin. Ní 1966, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Bruce Conner ya fíìmù kékeré kan tó pè ní Breakaway. Kò sí ohun méjì nínú rẹ̀ ju Basil tó ń jó níwájú òkùnkùn lọ. Conner gé àwòrán náà wẹ́wẹ́, ó ń sún un mọ́ni, ó ń fà á sẹ́yìn, nígbà tó sì dé ìdajì, ó yí gbogbo rẹ̀ padà: ijó àti orin ń lọ láti òpin sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ya báyìí nígbà èwe rẹ̀ ti mọ̀ pé bí ara bá mọ ohun tó ń ṣe, ilé ńlá àti mọ́tò kò pọn dandan.

Byrne kì í ṣe oníjó. Nígbà tó lọ bá Basil, kò ní kó kọ́ òun ní ìgbésẹ̀ ijó kankan. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí ara ṣe ń ṣe nígbà tí ẹni tó ni ín kò bá sí nílé mọ́: ẹni tí ẹ̀mí bà lé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí òrìṣà gùn, àwọn tó ń gbé ejò lọ́wọ́ nínú ìsìn. Àwọn méjèèjì lọ sí yunifásítì UCLA àti USC ní Los Angeles, wọ́n jókòó ti àwọn fíìmù tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀, wọ́n ń wo àwọn olùjọ́sìn láti Áfíríkà, Japan àti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Byrne ti ń gbọ́ àwọn oníwàásù orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Láti ẹnu wọn ló ti rí ohùn tó fi sọ ọ̀rọ̀ inú orin náà, ohùn ẹni tó ń kìlọ̀ fún ìjọ tó ti ń sùn lọ.

Kí wọ́n tó yà á, Basil gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó fi Byrne síwájú rẹ̀, ó ní kó fi ohun tó ti rí sára. Lẹ́yìn náà ló jáde kúrò nínú yàrá. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn fídíò yìí nìyẹn. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń ya fídíò orin, mo sì mọ ariwo tó máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó ń darí ń pariwo, máníjà olórin ń pariwo, àwọn tó wá wòran náà ń dámọ̀ràn. Olórin kò sì ní ṣe ohun kankan tí kò tíì wo ojú ẹlòmíràn. Basil mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ kò lè jáde lójú èrò, ó sì fún ọkùnrin náà láyè.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi kó àwọn Byrne kéékèèké sẹ́yìn Byrne ńlá kò le. Wọ́n á ya ènìyàn níwájú ògiri tàbí aṣọ búlúù, ẹ̀rọ á wá yọ ibi gbogbo tó bá jẹ́ búlúù kúrò, á sì fi àwòrán mìíràn dí i. Àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n ń lò ó lójoojúmọ́, àwọn ọmọ wa náà sì ń fi aṣọ aláwọ̀ ewé ṣe é lórí fóònù báyìí. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ náà kò tíì mọ iṣẹ́. Etí àwòrán á máa ṣe wúruwùru, ẹsẹ̀ kò ní kanlẹ̀ dáadáa. Basil àti Byrne kò wá bí wọ́n ṣe máa fi àbùkù yìí pamọ́. Byrne dà bí ẹni tí wọ́n gé jáde nínú ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ orin náà ń sọ nípa ọkùnrin kan tó ṣàdédé wo ara rẹ̀, tó rí ilé ńlá, tó rí aya, tí kò sì mọ bí òun ṣe débẹ̀. Àbùkù ẹ̀rọ bá ọ̀rọ̀ orin mu.

Owó tí wọ́n ná kéré. Irinṣẹ́ wọn kéré débi pé, bí ó bá tún rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè má gbà á. Orí ṣe é fún wọn pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni MTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ fi fídíò orin hàn tọ̀sán-tòru ni, fídíò tó wà nílẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà èyí tó bá dára, wọn á fi hàn, wọn á tún un fi hàn. Orin náà gba ipò kẹrìnlá ní Britain, kò ta púpọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣùgbọ́n fídíò rẹ̀ rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ ilé ìṣàfihàn ọnà ìgbàlódé ní New York, èyí tí wọ́n ń pè ní MoMA, níbi tí àwòrán Picasso wà.

Kí n tó kúrò nídìí fídíò, mo fẹ́ kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ní ibi kan, Byrne na apá kan síta, ó wá ń fi ọwọ́ kejì ṣá a léraléra láti òkè sí ìsàlẹ̀, gbólóhùn kan náà wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ tó ń ṣá sì ń bọ́ sórí ìlù láìyẹ̀. Ó dà bí ohun tí kò nítumọ̀. Ẹni tó bá mọ dùndún á rí i pé ara ń dá ìlù lóhùn ni, bí oníjó tó mọ iṣẹ́ ṣe ń dá ìyá-ìlù lóhùn ní gbàgede, tí onílù á fọ̀, tí èjìká á fèsì. Bí Byrne ṣe ń ta gìrì yẹn náà, ìlù ló ń tì í. Wo fídíò rọ́ọ̀kì mìíràn ìgbà náà. Olórin á dúró létí òkun, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ irun rẹ̀, yóò máa ṣe bí ẹni ń ta jìtá, iná á máa rú èéfín lẹ́yìn. Kò sóhun tó so ìrìn ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ orin. Bí a bá pa ohùn fídíò bẹ́ẹ̀, ìpolówó ọṣẹ ni. Bí a bá pa ohùn fídíò Byrne, a ṣì lè mọ ibi tí ìlù wà.

Ìlù yẹn ní ìtàn tirẹ̀, kò sì jìnnà sí wa. Brian Eno, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọn ṣe àwo náà, ti fi àwo Afrodisiac ti Fẹlá han Byrne ṣáájú. Nígbà tí wọ́n dé sítúdíò Compass Point ní Nassau, ní erékùṣù Bahamas, ní ààrin ọdún 1980, wọ́n pa ọ̀nà tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ń gbà kọ orin tì. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wá ìlù sí i. Chris Frantz nídìí ìlù, Tina Weymouth nídìí báàsì, Jerry Harrison àti Byrne, kálukú wọn á ta ohun kékeré kan, á máa tún un ta láìdáwọ́dúró, wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á tún gba òmíràn lé e. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn á tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì ń hun, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gùn lọ rẹrẹ, ọnà kan náà ni ahunṣọ ń tún ṣe láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá wo ọ̀kan ṣoṣo kò lè mọ̀ bóyá agbádá ni yóò jẹ́ tàbí ìró. Ìgbà tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n rán an mọ́ra, ni ọnà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe rán “Once in a Lifetime” nìyẹn, àwọn Byrne kéékèèké tó tò sẹ́yìn náà sì bá aṣọ mu.

Wọn kò fi ibi tí wọ́n ti rí nǹkan pamọ́. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn oníròyìn nípa àwo náà, wọ́n kọ orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n kà, pẹ̀lú ìwé John Miller Chernoff, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ kọ́ ìlù lọ́dọ̀ àwọn onílù ní Ghana. Àwo mìíràn tí Byrne àti Eno jọ ṣe, tó jáde ní 1981, orúkọ ìwé Amos Tutuola ni wọ́n fi pè é, My Life in the Bush of Ghosts, ìwé tí ọmọ Abẹ́òkúta yẹn tẹ̀ jáde ní 1954. Fẹlá nìyẹn, Tutuola nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé orin òyìnbó ni mo ń gbé kiri, màá ní kó jókòó ká ṣírò rẹ̀.

Ó wá ku ti òyìnbó tí mo ní màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ará Scotland kan.

Hugh Clapperton lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ìlú Annan ni. (Byrne náà, Dumbarton ní Scotland ni wọ́n bí i sí ní 1952, kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó o lọ sí òkè òkun. Mi ò fẹ́ fa ohunkóhun yọ nínú èyí, ó kàn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni.) Ní ìparí 1825, Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, òun àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander, wọ́n ń lọ sí Sókótó. Wọ́n gba Ṣakí kọjá ní oṣù kìíní ọdún 1826, Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Láìpẹ́ wọ́n dé Ọ̀yọ́-Ilé, lọ́dọ̀ Aláàfin, Aláàfin kò sì tètè jẹ́ kí wọ́n lọ. Ní oṣù kejì, àwọn òṣèré wá ṣeré lágbàlá ọba.

Ẹ wo bí eré náà ṣe lọ. Ìlù ń dún, fèrè àti ìwo ń dún. Àwọn òṣèré wà nínú àpò ńlá tó bo gbogbo ara wọn, aṣọ oríṣiríṣi aláwọ̀ títàn sì wà lórí wọn. Ìpele kìíní, wọ́n jó, wọ́n ń tàkìtì nínú àpò náà, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe débi tó ya àlejò lẹ́nu. Ìpele kejì, ejò ńlá yọ jáde láti inú àpò kan, ó ń tọ ẹni tó mú idà lọ́wọ́ káàkiri, ó fẹ́ bù ú jẹ, onítọ̀hún sì ń fi idà lé e sẹ́yìn. Òjòlá ni Clapperton rò pé wọ́n ń ṣe, ó sì jọ ọ́ lójú rẹ̀. Ìpele kẹta ló fi mí sínú ìtàn yìí. Gbogbo òṣèré sún sẹ́yìn, ó ku ẹyọ kan láàárín pápá. Àpò tó wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Orí funfun kan yọ. Èrò pariwo. Àpò ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, títí gbogbo ara fi hàn: ènìyàn funfun bí ìda tí wọ́n dà, tó gbẹ, tó rù, tí òtútù ń mú. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, nígbà tó sì máa rìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí tó wá bọ́ sórí ilẹ̀ dídì.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń yíjú sí Clapperton. Wọ́n ń bi í pé báwo ló ṣe rí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Òun náà ṣe bí ẹni tó gbádùn rẹ̀ bíi tiwọn, ó sì kọ ọ́ pé òṣèré náà sín òyìnbó jẹ dáadáa.

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì dùn mọ́ mi bíi pé mo wà níbẹ̀. Bóyá ọ̀dọ̀ Clapperton àti àwọn tó bá a rìn ni òṣèré náà ti wò ó, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n fi wà ní ìlú, bóyá wọ́n ti ní in nínú eré wọn tẹ́lẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹnìkan ti jókòó, ó ti wo bí òyìnbó ṣe ń tẹ ilẹ̀, ó ti wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ó lọ fi sára, ó sì mú un jáde ní pápá gbalasa láìsí ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí Basil àti Byrne ṣe ní Los Angeles ló wà níbẹ̀: àkíyèsí ṣáájú, ara kan ṣoṣo, àyè tí wọ́n dá fún un, àwọn yòókù tí wọ́n ti sún sẹ́yìn, ìlù tó ń tì í. Ejò pàápàá wà níbẹ̀.

Eré yẹn pàápàá kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adedeji, tó kọ iṣẹ́ ìwádìí ńlá nípa eré alárìnjó, eré àwọn eégún apidán, ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, tọ gbòǹgbò rẹ̀ lọ sí ààfin Aláàfin nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣì wà ní Ìgbòho, ìlú kan lágbègbè wa níhìn-ín. Ìtàn tí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, sọ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè àgbà rẹ̀, ti kọ́lé, wọ́n ti dáko sí Ìgbòho, wọn kò fẹ́ lọ. Wọ́n wá kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ àti ẹnìkan tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú lọ sórí òkè tó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n fún wọn ní ògùṣọ̀, pé kí wọ́n máa rìn kiri lóru, kí wọ́n máa kígbe pé àyè kò sí, kí àwọn tí ọba rán lọ wo ilẹ̀ lè rò pé iwin ló gba ibẹ̀. (Bí wọ́n ṣe lo àwọn abirùn yẹn kò dára, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ọba rán ọdẹ lọ, wọ́n kó gbogbo wọn wálé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọba náà ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin. Iná, òkùnkùn, ohùn, ìrìn ara, àti òkè tó fi jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n á ti máa wò ó: ẹni tó ṣètò rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí òǹwòran dúró sí. Iṣẹ́ olùdarí fídíò gan-an nìyẹn.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú fídíò Byrne, mi ò sì lè gbójú fò ó. Àwọn ènìyàn tí wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀ níbi kan, tí wọ́n ń ṣe ìsìn wọn, wọn kò ní orúkọ. A kò mọ ìlú wọn, a kò mọ ẹni tó gbà fún kámẹ́rà pé kó wọlé. Wọ́n yà wọ́n fún ìwádìí, fíìmù náà bọ́ sí ibi ìpamọ́, ó ti ibẹ̀ bọ́ sínú orin. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, ẹni tí wọ́n sín jẹ wà lórí ìjókòó àlejò, wọ́n ń bi í léèrè bóyá wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn tó wà lẹ́yìn Byrne léèrè nǹkan kan.

Síbẹ̀ mi ò ní pè é ní olè. Ẹni tó ń fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín á mú aṣọ ẹni náà wọ̀. Byrne kò wọ ìgbàdí, kò fi ẹfun kùn, aṣọ òṣìṣẹ́ báǹkì ilẹ̀ rẹ̀ ló wọ̀. Ara wa ló yá, ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni òyìnbó oníkóòtù tó ní ilé, tó ní mọ́tò, tí kò sì mọ ẹni tí òun jẹ́. Òyìnbó kan náà ni àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àfikún sí i, kò dúró síbi ilé ìpamọ́. Ó gbé kámẹ́rà lọ sí Bahia ní Brazil, ó ṣe fíìmù kan tó jáde ní 1989 nípa àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, àwọn tí òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá bá àwọn baba wọn rékọjá òkun. Ilé Aiyé ló pe fíìmù náà. Ẹni tó bá wò ó nílé wa á gbọ́ orúkọ Ògún àti Ọ̀ṣun lẹ́nu àwọn tó ń sọ Potogí. Lọ́tẹ̀ yìí, Byrne ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà, àwọn onílé ló wà níwájú.

Lágbègbè wa lónìí, ibi tí orúkọ Òkè-Ògùn ti ń wọ fíìmù jù ni Ìgbójàyè, níbi tí Kunle Afolayan kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti ya Aníkúlápó tó jáde lórí Netflix ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí Sàró, ahunṣọ òfì, jẹ́ olórí ìtàn rẹ̀, tí Kent Edunjobi sì ṣe orin rẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ààfin, wọ́n wọ aṣọ tó bá ìgbà mu. Mo gbóríyìn fún un, nítorí ìtàn ọba nílò ààfin. Ohun tí kò yé mi ni ti àwọn olórin kéékèèké tó wà láàárín wa, tí wọ́n rò pé fídíò wọn náà nílò ààfin. Wọ́n á yá mọ́tò, wọ́n á yá ṣéènì ọrùn, wọ́n á san owó drone kó lè fò lórí òkè Adó-Àwáyè, kó fi adágún Ìyákẹ́ hàn láti òkè (ó rẹwà, mi ò jiyàn), olórin á wá dúró sójú kan, á máa nawọ́ sí kámẹ́rà. Owó ti tán kó tó kan ara rẹ̀. Fún ìdajì owó mọ́tò yẹn, wọ́n lè pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé eégún tó mọ bí a ṣe ń tàkìtì nínú aṣọ, kí wọ́n fi sí iwájú ògiri kan tí wọ́n kùn ní funfun, kí olùdarí jáde síta.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí mo ti bá fídíò yìí jà. Ní ìparí, wọ́n fi Byrne mìíràn hàn. Kò wọ kóòtù mọ́, awò kò sí lójú rẹ̀, ẹ̀wù funfun ló wọ̀, ó ṣí ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú yàrá dúdú, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó yé mi pé wọ́n fẹ́ ká rí ẹni tó wà lábẹ́ gbogbo wàhálà yẹn. Mi ò tilẹ̀ ní fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé eégún kì í fi ojú hàn, torí oníkóòtù kì í ṣe ará ọ̀run. Bí wọ́n ṣe gé e ni mo kọ̀. Oníkóòtù wà níhìn-ín, ẹlẹ́wù funfun wà lọ́hùn-ún, àlàfo wà láàárín wọn, a kò rí i kí ọ̀kan di èkejì. Apidán tó bá di ọ̀nì á wọ abẹ́ aṣọ kó tó yí padà, ojú òǹwòran á sì wà lára aṣọ náà bó ṣe ń mì, nítorí ibẹ̀ ni adùn eré wà. Ká ní kóòtù yẹn rọra ń bọ́ lára Byrne lójú wa, èjìká kan, lẹ́yìn náà èkejì, táì, awò, bí àpò ti Ọ̀yọ́-Ilé ṣe sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi náà ì bá pariwo.